Iṣẹ́ Ọjọ́ Mẹ́fà fún Orin Ọjọ́ Kan: Ìtàn Johann Sebastian Bach

Bíbélì kíkà: II Kíróníkà 5:11-14

Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá dìde láti kọrin ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹlòmíràn nínú ìjọ lè rò pé ìgbà náà ni iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí fi hàn pé láti ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀.

A bí Johann Sebastian Bach sí ìdílé olórin ní ìlú Eisenach, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1685. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe atẹdùùrù ní ilé ìsìn, ni ó mú un sọ́dọ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó tẹ dùùrù ní ilé ìsìn ní ìlú bí i mélòó kan, ó sì sìn ní ààfin àwọn ọlọ́lá. Ní ọdún 1723, ìgbìmọ̀ ìlú Leipzig fi í ṣe olórí orin. Kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́. Àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni kò wá.

Iṣẹ́ náà kò kéré. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ Tómásì Mímọ́ ní orin, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó sì ń kọrin ní ilé ìsìn mẹ́rin ní ìlú náà. Ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́rin ni ó kàn án láti bójú tó wọn tọ̀sán-tòru, níbi àdúrà àti níbi oúnjẹ. Ó tún yẹ kí ó kọ́ wọn ní èdè Látìn, ṣùgbọ́n ó fi owó ara rẹ̀ san fún olùkọ́ mìíràn láti ṣe èyí, kí ó lè ráyè fún orin.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ìhìnrere tí a ó kà ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ti wà ní ìlànà. Orí ọ̀rọ̀ Ìhìnrere yìí ni a ń gbé orin ńlá ọjọ́ náà kà, èyí tí à ń pè ní kàntátà. Bach a kọ orin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, aya rẹ̀ Anna Magdalena, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a fi ọwọ́ da ohùn olúkúlùkù akọrin àti ti olùlù ohun èlò kọ, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é nígbà náà. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ, wọ́n a péjọ láti kọ́ ọ. Ìsìn a bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn kíka Ìhìnrere, kí oníwàásù tó gun àga ìwàásù, ni kàntátà máa ń wáyé. A máa ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kí àwọn ènìyàn lè máa fojú bá a lọ, Bach sì sábà máa ń fi orin tí gbogbo ìjọ mọ̀ dáadáa parí rẹ̀. Nítorí náà, orin ń la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kò bá a du ipò. Fún nǹkan bí ọdún méjì ni ó fi ń kọ orin tuntun ní ọ̀sẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́jú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1730, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú pé nínú àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ òun, 17 ni ó lè kọrin, 20 ṣì nílò ẹ̀kọ́, 17 kò sì yẹ fún orin rárá. Ní oṣù kan náà, àwọn ìgbìmọ̀ ń ráhùn pé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, wọ́n sì ń sọ pé kí a dín owó rẹ̀ kù. Bach fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá lò. Ó máa ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Kí ọdún náà tó parí, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó bá òun wá iṣẹ́ sí ibòmíràn.

Iṣẹ́ mìíràn kò yọ, Bach sì dúró. Ní ọdún 1733, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú Bíbélì kan tí ó ní àlàyé, èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a kà lónìí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé níbi tí a bá ti fi ìfọkànsìn kọrin, Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ní ìparí púpọ̀ nínú orin rẹ̀, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta tí ó túmọ̀ sí pé ti Ọlọ́run nìkan ni ògo. Ẹni tí ó gbà bẹ́ẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí ènìyàn kò tilẹ̀ yìn ín.

Ó sin mẹ́wàá nínú ogún ọmọ tí ó bí láti kékeré wọn. Ojú rẹ̀ fọ́ ní ìgbẹ̀yìn, iṣẹ́ abẹ méjì kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ọdún 1750, lẹ́yìn ọdún 27 ní ipò kan náà.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo adarí orin ni ó ní ẹ̀bùn Bach. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó lè ka Ìwé Mímọ́ tí a ó fi wàásù kí wọ́n tó yan orin, kí wọ́n ní sùúrù fún akọrin tí ohùn rẹ̀ kò tíì dán, kí wọ́n sì múra sílẹ̀ kí Sátidé tó dé. Àwa tí a jókòó nínú ìjọ pẹ̀lú lè ṣọ́ra kí a má ṣe dàbí ìgbìmọ̀ Leipzig, tí wọ́n ní ìṣúra lọ́wọ́ tí wọn kò mọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Báwo ni orin ìjọ wa ṣe ń bá ọ̀rọ̀ ìwàásù lọ?
2. Kí ni ó yẹ kí adarí orin ṣe nígbà tí a kò bá mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀?
3. Ìrànlọ́wọ́ wo ni kíláàsì wa lè ṣe fún àwọn akọrin ní ọ̀sẹ̀ yìí?