IBN AL-HAYTHAM: ỌMỌ BASRA TÍ Ó YẸ ÌMỌ́LẸ̀ WÒ

 Ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹni ńlá tí wọ́n ti di olóògbé ni a máa ń kọ sí abala yìí nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Bí a bá ní kí a kọ nípa Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí kì í ṣe àlejò létí odò wa yìí, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tiwa níbí rí. Ọ̀ràn odò àti ọ̀ràn ìmọ́lẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá, odò sì rèé, ará Lọ́kọ́jà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Bí Yorùbá wa bá dún bí ti ẹni tí kò dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́, kí ẹ jọ̀wọ́ má bínú. Àárín Nupe, Igala, Ebira àti Oworo ni a ti kọ́ ọ, nílé bàbá tí kì í jẹ́ wa bí a bá fi èdè mìíràn kí i.

Hassan ni orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní ọjà Lọ́kọ́jà. Ní kíkún, Abu Ali al-Hasan ọmọ al-Hasan ọmọ al-Haytham ni. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ ní èdè Látìn sọ ọ́ di Alhazen. Ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 965. Ìlú olómi ni Basra náà. Lónìí, odò Tigris àti odò Euphrates pàdé lókè rẹ̀ kí wọ́n tó jọ ṣàn lọ sínú òkun, bí odò Ọya àti Bẹ́núé ṣe pàdé níwájú wa níbí. Ìgbà èwe rẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ púpọ̀. Ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe ní ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwé àti ìṣirò ni ó gbà á lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó gbé e dé Íjíbítì. Ìtàn ní ó sọ ọ́ níjọ́ kan pé bí òun bá wà ní Íjíbítì, òun mọ ohun tí òun ìbá ṣe sí odò Náílì, tí omi rẹ̀ yóò fi wúlò fún aráyé nígbà tí ó bá kún àti nígbà tí ó bá fà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí al-Hakim, Kàlífà tí ó jọba ní Káírò láti ọdún 996 títí di 1021. Kàlífà fi owó ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀, ó ní kí ó máa bọ̀. Nígbà tí ó dé, Kàlífà fúnra rẹ̀ ni ó jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ta ni a óò ṣe irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ fún tí orí rẹ̀ kò ní wú?

Wọ́n fún un ní òṣìṣẹ́, ó sì gba ìhà òkè odò lọ. Bí ó ti ń lọ ni ó ń rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, àwọn ilé òkúta ńláńlá tí a fi ìṣirò tó péye kọ́. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó rò ó pé bí ohun tí òun ní lọ́kàn bá ṣeé ṣe, àwọn tí wọ́n kọ́ irú ilé wọ̀nyí ìbá ti ṣe é tipẹ́. Ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní al-Janadil, ní gúúsù Aswan, níbi tí odò ti ń gba àárín òkúta kọjá. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó rí i pé odò tí òun fọkàn yà nígbà tí òun wà ní Basra kọ́ ni èyí tí ó wà níwájú òun. Ó padà sí Káírò, ó sì jẹ́wọ́ fún Kàlífà pé kò ṣeé ṣe. Agbègbè yẹn kan náà ni dáàmù gíga Aswan wà lónìí, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1970. A jẹ́ pé èrò rẹ̀ kọ́ ni ó burú, irinṣẹ́ ayé ìgbà náà ni kò tó o.

Ẹni tí ó bá wà ní Lọ́kọ́jà ní ọdún 2012 tàbí 2022, tí ó rí bí omi ṣe wọlé onílé ní Ganaja àti Adankolo, tí ọkọ̀ ojú omi ń ná ojú títì, kò ní fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà ti gbọ́ ìlérí lórí odò rí láti ẹnu àwọn tí kò dé etí rẹ̀. Ti Ibn al-Haytham yàtọ̀ ní ti pé òun padà wá sọ pé òun ṣìnà.

Ìjẹ́wọ́ yẹn kì í ṣe eré. Al-Hakim kì í ṣe ọba tí a ń bá ṣàwàdà; ó ti pa nínú àwọn ìjòyè tirẹ̀ gan-an. Ó gba ẹ̀bẹ̀ lójú ayé, ó tilẹ̀ fún Ibn al-Haytham ní iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ̀ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lónìí lè bínú lọ́la. Ó bá ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n gba ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì há a mọ́ inú ilé. Báyìí ni ó wà títí al-Hakim fi jáde lóru ọjọ́ kan ní ọdún 1021 tí wọn kò rí i mọ́. Ní kété tí wọ́n gbà pé Kàlífà ti kú, ara wèrè yá, ó jáde síta. Al-Qifti, òpìtàn tí ó kọ ìtàn yìí, kò bá Ibn al-Haytham láyé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kan kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ tán. Àwa gba èyí tí ó kan odò gbọ́.

Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó kọ ìwé ńlá rẹ̀, Kitab al-Manazir, apá méje gbáko lórí ìmọ́lẹ̀ àti bí ojú ṣe ń ríran. Ṣáájú rẹ̀, Euclid àti Ptolemy, àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ́ni pé ìtànṣán a máa ti inú ojú wa jáde lọ bá ohun tí a ń wò. Ó ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara nǹkan wá sínú ojú. Kí ẹni tí kò bá gbà á tẹjú mọ́ oòrùn ọ̀sán wò, yóò mọ ẹni tí ó ń ṣe ẹnìkejì rẹ̀ léṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò yìí nìkan ni ó mú kí a yàn án. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe é ni. Ó gbé fìtílà mélòó kan kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú ihò kan ṣoṣo tí ó wọ inú yàrá dúdú. Lára ògiri inú yàrá, iye ìmọ́lẹ̀ tí ó hàn jẹ́ iye fìtílà tí ó wà níta. Ó fi nǹkan bo fìtílà kan, ìmọ́lẹ̀ kan sì pòórá lára ògiri, èyí tí ó dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú fìtílà náà. Ó ṣí i, ìmọ́lẹ̀ náà padà. Ó bo òmíràn. Ihò kò yí padà, ògiri kò kúrò lójú kan, fìtílà yòókù wà bí wọ́n ṣe wà. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń yí nígbà kan. Bí ó ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìmọ́lẹ̀ fìtílà púpọ̀ lè gba ihò kan kọjá láì dàpọ̀ mọ́ra wọn.

Ó tún kọ ìwé mìíràn lórí àwòrán tí oòrùn máa ń yà nígbà tí òṣùpá bá dí i lójú. Ihò ni ó tún lò. Bí ihò náà bá kéré, àwòrán oòrùn tí ó kù a máa hàn lára ògiri bí dòjé. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, ẹnu dòjé náà a máa kú, títí yóò fi di róbótó bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe oòrùn. Ó fi ìṣirò wá ìdí rẹ̀: bí ihò ṣe fẹ̀ tó, bí ògiri ṣe jìnnà tó.

Àwa ti rí dòjé yìí rí láì mọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá dí oòrùn lójú. Ní apá kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó dí i pátápátá. Ní Lọ́kọ́jà níbí, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù. A kò tíì ju ọmọ jélé-ó-sinmi lọ nígbà náà. Àwọn àgbà ní kí a má wòkè, ni a bá ń wo ilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Dòjé wẹ́wẹ́ ni ó kún ilẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àlàfo àárín ewé ni ihò, ilẹ̀ ni ògiri. Ọdún méjìlá ó lé kí a tó ka orúkọ ẹni tí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an rèé. Ptolemy ti ṣe tábìlì kan rí lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ bí ó bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú omi. Ó fi dìgírì mẹ́wàá mẹ́wàá yí igun tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé padà, láti 10 títí dé 80. Ó rí 8, 15.5, 22.5, 29, 35, 40.5, 45.5 àti 50. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn, ẹ ó rí i pé àlàfo wọn ń fi ìdajì ìdajì dín kù láì yẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi kì í ṣe báyẹn. Fún 80, ó yẹ kí ó tó nǹkan bí 47.6. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yàrá físíìsì ní ilé-ìwé girama yóò mọ irú èsì báyìí. Wọ́n ti sè é ni. Àwa náà ti sè é rí, nígbà tí a kó dígí onígun mẹ́rin àti píìnì wá síwájú wa, tí àkókò ń lọ: a ṣírò ohun tí ìwé ń fẹ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ojú wa ni ó rí i.

Ibn al-Haytham bọ̀wọ̀ fún Ptolemy, síbẹ̀ ó kọ odidi ìwé kan láti ka iyèméjì rẹ̀ sí iṣẹ́ àgbà náà. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi yé wa pé ẹni tí ó ń wá òtítọ́ kò gbọdọ̀ fọkàn tán àwọn àgbà ìṣáájú jù, kò sì gbọdọ̀ fọkàn tán ara rẹ̀ pàápàá. Odò Náílì ti kọ́ ọ ní ìkejì yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé àpótí olóhò yìí fún iṣẹ́ àṣejáde wa. A kọ ètò tí ó ń tọpa ìtànṣán láti ara àbẹ́là, gba inú ihò, dé ara bébà tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí i. Nígbà tí iná bá wà, a óò yí fífẹ̀ ihò nìkan padà, a óò tún un ṣe, a óò kọ èsì sílẹ̀. Láti mìlímítà 5 a sọ̀kalẹ̀ dé 0.2. Bí ihò ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i, láìkù síbì kan. Inú wa dùn. Olùkọ́ wa wò ó, ó ní kí a lọ fi agolo Milo ṣe é lójúkojú.

A gún ihò, a fi bébà tí a fi òróró pa dí ẹ̀yìn agolo, a sì tan àbẹ́là síwájú rẹ̀. Láti ihò ńlá dé bí ìdajì mìlímítà, agolo àti kọ̀ǹpútà ń sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ihò tí ó kéré jù, tí ó jẹ́ pé ẹnu abẹ́rẹ́ ni a kàn fi kàn án, iná àbẹ́là náà tún ṣú, etí rẹ̀ wú. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ wa ní kí a yọ ihò yẹn kúrò nínú tábìlì, ó ní ta ni yóò mọ̀. Àwa náà ti mú ọ̀pá ìpàlà dání. Tábìlì Ptolemy ni ó sọ sí wa lọ́kàn, bí iye rẹ̀ ṣe gún régé tó. A fi ihò náà sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, a rí i pé bí ihò bá kéré jù, ìmọ́lẹ̀ a máa fọ́n káàkiri lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìgbì ni, bí ìgbì omi. Ètò kọ̀ǹpútà wa kò mọ̀ ju ìtànṣán tí ó lọ tààrà, nítorí pé ohun tí a kọ́ ọ nìyẹn. Bí a bá tún un ṣe ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kò ní sọ ohun mìíràn. Ibn al-Haytham pàápàá kò mọ ti ìgbì yìí. Ó di bí ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí ó jáde ní àhámọ́, ẹ̀bá mọ́sálásí al-Azhar ní Káírò ni ó ń gbé. Kò tún gba iṣẹ́ ọba mọ́. Lọ́dọọdún, ó máa ń fi ọwọ́ da ìwé ìṣirò Euclid, ìwé ìràwọ̀ Ptolemy àti àkójọ ìwé kan tó wà láàárín wọn kọ, yóò sì tà wọ́n ní 150 dínárì ilẹ̀ Íjíbítì. Iye kan ni, kì í gba ìdúnàádúrà. Èyí ni ó fi ń jẹun títí ọdún yóò fi yí po. Ẹ kíyè sí i pé ìwé Ptolemy tí ó ti ka àṣìṣe rẹ̀ kan náà ni ó ń dà kọ, tí ó sì ń fi tọ́ ara rẹ̀.

Káírò náà ni ó kú sí, ní nǹkan bí ọdún 1040. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìn ní bí ọdún 1200, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Basel ní ọdún 1572. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó 10,000 dínárì ilẹ̀ Ìráàkì. Kòtò ńlá kan sì wà lójú òṣùpá, ní etí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, tí wọ́n sọ ní Alhazen.