Kenneth Anderson: Ọdẹ tó lépa ẹkùn dúdú nínú igbó Íńdíà

Ọdẹ pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ọdẹ tó tún lè jókòó ti gègé, kó sì ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí nínú igbó débi tí ẹni tí kò fi ilé sílẹ̀ rí yóò fi máa bojú wẹ̀yìn, irú wọn kò wọ́pọ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Kenneth Anderson, òyìnbó tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Scotland, ṣùgbọ́n tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Íńdíà, tó gbé ibẹ̀, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì kú síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó pa ẹranko apànìyàn ní àríwá Íńdíà, Jim Corbett ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní gúúsù, Anderson ni.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Bolarum, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Secunderabad. Ìran mẹ́fà nínú ìdílé rẹ̀ ló ti gbé Íńdíà, nítorí náà, bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ funfun, ilé ni ibẹ̀ jẹ́ fún un, kì í ṣe àjò. Ìlú Bangalore ló ti kàwé, ní ilé ẹ̀kọ́ Bishop Cotton. Nígbà tó yá, wọ́n rán an lọ sí Edinburgh kó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó pa ìwé náà tì, ó sì padà sílé. Iṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ ṣe, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó lẹ́tà àti wáyà, kó tó wá di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ní Bangalore. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọdẹ ló fi ń jẹun o. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló fi ń wọ igbó, òun àti ìbọn Winchester kan tí kì í fi sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ohun tó mọ̀ nípa igbó kì í ṣe òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀. Byra ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ ẹ̀yà Poojaree, aláìní tí ń gbé inú igbó, tí ìjọba sì kà sí olè nítorí pé ó ń dọdẹ láìgbàṣẹ. Ọ̀dọ̀ irú Byra ni ènìyàn ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń ka ojú ẹsẹ̀ ẹranko lórí iyanrìn, àti bí igbe ọ̀bọ àti ti àgbọ̀nrín ṣe máa ń sọ pé ẹkùn ń bọ̀ kí ẹkùn fúnra rẹ̀ tó yọjú. Anderson kò fi èyí pamọ́ rárá. Nínú ìwé rẹ̀ kan sí òmíràn ló ti ń dárúkọ Byra àti Ranga, ọdẹ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ayé ìgbà náà ì bá pè wọ́n ní ẹrú tó ń gbẹ́rù, kí wọ́n sì gba ògo náà tán.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ẹkùn tí à ń wí yìí ni ẹkùn tí àwọn baba ńlá wa mọ̀, èyí tó ní àmì tóótòòtó lára, tí awọ rẹ̀ jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ọba. Táígà tó ní ilà lára kò sí nínú igbó ilẹ̀ Adúláwọ̀ níbi kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa náà máa ń pè é ní ẹkùn. Ẹkùn dúdú kì í sì í ṣe ẹ̀yà ẹranko ọ̀tọ̀. Ẹkùn gan-an ni, awọ rẹ̀ nìkan ló dúdú, bí oòrùn bá sì ràn sí i lára dáadáa, àmì tóótòòtó náà yóò hàn lábẹ́ dúdú yẹn. Àbímọ́ ni. Akọ àti abo tí wọn kò dúdú lè bí ọmọ dúdú bí àwọn méjèèjì bá gbé àbùdá náà pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọmọ dúdú àti ọmọ alámì sì lè jọ tinú oyún kan náà wá. Ibi tí igbó bá ti dí, tí òjò sì pọ̀, ni wọ́n wọ́pọ̀ sí. Ní apá ibi púpọ̀ nínú igbó Màléṣíà, àwọn dúdú ló pọ̀ ju àwọn alámì lọ. Nílẹ̀ Adúláwọ̀ tiwa, wọ́n ṣọ̀wọ́n débi pé nígbà tí àwòrán ọ̀kan jáde láti Laikipia ní Kenya lọ́dún 2019, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́.

Àwọn ẹranko apànìyàn ló sọ Anderson di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹkùn Gummalapur, tí òun kì í ṣe dúdú, pa ènìyàn 42. Ẹ̀rù rẹ̀ ba àwọn ará abúlé débi pé wọ́n ń fi ẹ̀gún dí ojú ọ̀nà àti ilẹ̀kùn wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí Anderson pa á tán, ó rí ẹ̀gún òòrẹ̀ tó kán sínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹranko tí kò lè sáré lé àgbọ̀nrín mọ́ ni ebi lé dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn.

Ti Sivanipalli yàtọ̀ sí èyí. Abúlé kékeré ni, lẹ́bàá igbó, nítòsí Denkanikottai, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Bangalore. Anderson fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Igbó tó gbẹ ni, kì í ṣe irú ibi tí ènìyàn ti ń retí ẹkùn dúdú, nítorí náà ìròyìn ńlá ni nígbà tí wọ́n sọ pé ẹranko dúdú kan ń pa màlúù àwọn darandaran. Ẹkùn náà kò pa ènìyàn. Ẹran ọ̀sìn ló ń gbé. Ṣùgbọ́n fún tálákà tó jẹ́ pé màlúù méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ohun ìní rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló fi ń túlẹ̀, òun ló fi ń wá wàrà sẹ́nu ọmọ, pípa màlúù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Anderson lúgọ dè é lórí òkú ẹran tó pa. Ẹ fojú inú wò ó: òru dúdú, ẹranko dúdú, tí kì í ta ẹsẹ̀ mọ́ ewé gbígbẹ. Etí ni ọdẹ ń fi ṣọ́ irú rẹ̀, kì í ṣe ojú. Ó yìnbọn, ọta bà á, ṣùgbọ́n kò kú. Ó gbé ọgbẹ́ náà wọ igbó lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọdẹ tó bá ṣe ẹkùn léṣe, tó sì wọlé lọ sùn, ti fi ikú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó bá ń ṣẹ́gi tàbí tó ń da ẹran lọ́la ni yóò pàdé rẹ̀. Dandan ni kó tọpa rẹ̀. Ẹkùn tó fara gbọgbẹ́ kì í sì í kéde ara rẹ̀. Yóò fara pamọ́ sẹ́yìn ewé tí kò tó bo ehoro, yóò jẹ́ kí ènìyàn súnmọ́ ọn tán pátápátá. Ajá abúlé kan, ajá lásán tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ, ló fi imú tọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ níwájú Anderson. Láìsí ajá yìí, bóyá ni ì bá rí ẹkùn náà kó tó jẹ́ pé ẹkùn ló kọ́kọ́ rí i. Níkẹyìn, ó pa á, orúkọ abúlé náà sì di orúkọ ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1959.

Ṣé ó yẹ kó pa á? Lójú tèmi, ẹjọ́ ẹkùn Sivanipalli kò dà bíi ti Gummalapur. Àwọn darandaran nílò ìrànwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé bí ẹkùn náà bá jẹ́ alámì, ariwo rẹ̀ ì bá pọ̀ tó báyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n wà lára ohun tó kó bá a. Anderson fúnra rẹ̀ kò sì dúró síbi tó wà nígbà èwe. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ pípa ẹranko ń dínkù lọ́kàn rẹ̀, tó sì ń wù ú láti máa wò wọ́n, kó máa ya àwòrán wọn. Ó bínú gidigidi sí àwọn tó ń fi oògùn apakòkòrò sínú òkú màlúù láti pa ẹkùn àti táígà, àti sí àwọn tó ń fi iná mọ́tò dọdẹ lóru. Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ẹkùn apànìyàn 8 àti táígà apànìyàn 7 ló pa láàárín ọdún 1939 sí 1966.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1974, lẹ́ni ọdún 64. Ọdún méjì ṣáájú ni ìjọba Íńdíà ti ṣe òfin ààbò ẹranko igbó, tó fòpin sí irú ọdẹ tó ṣe nígbà èwe rẹ̀. Lọ́dún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu sọ apá kan nínú igbó agbègbè Denkanikottai àti àyíká rẹ̀ di ibi ààbò ẹranko. Ní Kabini, ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ẹkùn dúdú kan wà tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, tí wọ́n ń jókòó nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ kùtù, kámẹ́rà lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń padà lọ láìrí i.