James Jamerson: Onígìtá Béèsì tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Lára Àwo

Bí ẹ bá máa ń gbọ́ rédíò ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n bá ń fi orin àtijọ́ dá àwọn àgbà lára yá, ẹ ti gbọ́ James Jamerson rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni. Nínú "My Girl" tí ẹgbẹ́ Temptations kọ, gìtá béèsì ló kọ́kọ́ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ọwọ́ Jamerson nìyẹn. Ó wà nínú "You Can't Hurry Love" ti Supremes, ó wà nínú "Reach Out I'll Be There" ti Four Tops, ó wà nínú "I Was Made to Love Her" ti Stevie Wonder. Láti ọdún 1959 ló ti ń ta béèsì fún ilé iṣẹ́ Motown, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1971 kí orúkọ rẹ̀ tó fara hàn lára àwo ńlá kan tí wọ́n gbé jáde. Ọdún méjìlá gbáko. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí a padà sẹ́yìn lọ wo ibi tí ọwọ́ yẹn ti wá, nítorí ohun tí ayé ń pè ní ohùn Motown lónìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni Jamerson ti kó sí ìka kó tó mọ ọ̀nà sítúdíò.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1936, ní Erékùṣù Edisto, nítòsí ìlú Charleston ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé erékùṣù wọ̀nyí ni à ń pè ní Gullah, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà wá gbin ìrẹsì àti òwú. Nítorí pé omi yí wọn ká, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbé wá kò tètè parẹ́. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní ẹ̀ka yìí mọ orúkọ Lorenzo Dow Turner. Ní àwọn ọdún 1930 ló lọ ká ohùn àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sílẹ̀, Edisto sì wà lára ibi tó dé. Ìwé tó tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1949 kún fún ọ̀rọ̀ àti orúkọ tó ti èdè ilẹ̀ Áfíríkà wá, Yorùbá sì wà níbẹ̀ dáadáa. N ò sọ pé Jamerson gbọ́ Yorùbá o! Ohun tí mo ń sọ ni irú àwùjọ tó bí i. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú dìtẹ̀ ní Stono ní 1739, òfin ìpínlẹ̀ náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e gba ìlù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá sọ àtẹ́wọ́ àti gìgísẹ̀ di ìlù. Títí di ìgbà tiwa, nínú ilé àdúrà àwọn Gullah, ẹ óò gbọ́ kí ẹsẹ̀ máa lu pákó ilẹ̀ bí ẹni pé ìlù ló wà nísàlẹ̀.

Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ máa ń sọ nǹkan kan nípa ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ó máa ń ri igi kan mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé èèrà, yóò fa rọ́bà mọ́ ọn, yóò sì máa ta á. Ó fẹ́ kí àwọn èèrà náà jó. Èwo nínú wa ni kò fi agolo mílíìkì àti rọ́bà ṣe gìtá rí? Ṣùgbọ́n àwa, etí ọ̀rẹ́ wa là ń ta á sí. Ọmọ yìí, ilẹ̀ ló ta á sí, kí ẹ̀dá tó wà nísàlẹ̀ lè fi ara gbọ́ ọ. Bí béèsì náà ṣe rí nìyẹn. Àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ kí etí tó mọ̀.

Ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó tọ́ ọ, obìnrin yìí sì mọ pianó tẹ̀. Ìbátan ìyá rẹ̀ kan tún ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. James náà kọ́ pianó débi pé ó ń tẹ̀ ẹ́ níwájú èrò nígbà tó ṣì kéré, ó sì fọn fèrè tròmbónù díẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Rédíò ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, orin ìyìn, orin blúùsì àti jáàsì ló sì ń gbọ́ níbẹ̀.

Ní 1954, ó bá ìyá rẹ̀ kó lọ sí Detroit. Ọ̀nà náà ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n àìmọye aláwọ̀ dúdú ló ń rìn ín nígbà náà, wọ́n ń sá fún ìyà ìhà gúúsù, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Ilé ẹ̀kọ́ girama Northwestern ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì ti fọwọ́ kan béèsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe gìtá o. Béèsì onígi ńlá ni, olókùn mẹ́rin, tó ga ju ènìyàn lọ, tí ẹni tó ń ta á yóò gbé nàró, tí yóò gbá a mọ́ra bí ẹni ń bá ìyàwó jó. Ohun èlò yìí kì í gba ọ̀lẹ. Okùn rẹ̀ nípọn, ó jìnnà sí igi ọrùn, ẹni tí kò bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ kò ní gbọ́ ohùn kankan. Ibi tí ohùn kan wà sí èkejì tún jìnnà, nítorí náà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò kọ́ bí a ti ń ta okùn kan lófìfo, láìtẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ òsì lè ráyè sáré dé ibi tó ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé okùn òfìfo yìí. A óò padà bá a.

Detroit ìgbà náà kún fún olórin jáàsì. Ibẹ̀ ni Yusef Lateef, Barry Harris àti Kenny Burrell ti gbéra. Ibẹ̀ náà ni Paul Chambers dàgbà sí, ẹni tó fi ọdún kan péré ju Jamerson lọ, tó sì ti di ẹni tí ń ta béèsì fún Miles Davis ní New York kí Jamerson tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Chambers, Ray Brown àti Percy Heath ni Jamerson ń tẹ́tí sí. Ní ọwọ́ àwọn wọ̀nyí, béèsì kì í dúró sójú kan. Ńṣe ló ń rìn, tó ń ti ilé ohùn kan bọ́ sí èkejì, tó sì ń kí gbogbo ará àárín ọ̀nà.

Nígbà tó jáde, Yunifásítì Wayne State fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti wá ka ìmọ̀ orin. Ó kọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé inú àwọn olùkọ́ wa kò ní dùn sí ibi yìí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ilé ìjó àti ilé ọtí ti ń sanwó fún un. Ó bá Washboard Willie, olórin blúùsì, ṣeré, ẹni tó ń fi pákó ìfọṣọ lu ìlù, ó sì ń bá àwọn onijáàsì ṣeré lóru. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lóni yóò pè é sí sítúdíò lọ́la. Nígbà tó di 1959, ó bọ́ sọ́dọ̀ Berry Gordy, tó yá 800 dọ́là lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ láti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé náà wà ní òpópónà West Grand Boulevard, òpópónà kan náà tí ilé ẹ̀kọ́ Northwestern wà. Jamerson kò rìn jìnnà.

Béèsì onígi náà ló kọ́kọ́ ń tà fún Motown. Gìtá béèsì tó ń lo iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni, 1951 ni Leo Fender gbé e jáde, ọ̀pọ̀ onijáàsì kò sì kà á kún nǹkan gidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Jamerson gba ọ̀kan tó jẹ́ ti Horace Ruth, onígìtá béèsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti gbé rìnrìn àjò, ìró rẹ̀ sì ń jáde ketekete nínú ariwo. Síbẹ̀ kò fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Mary Wells kọ "My Guy" ní 1964, onígi ló tà níbẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Jamerson kò kọ́ gìtá béèsì bí ẹni kọ́ ohun tuntun. Ńṣe ló fi ta onígi. Ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ta okùn, bó ti ń ṣe láti Northwestern, débi pé wọ́n sọ ìka náà ní Ìwọ̀. Ó gbé okùn rẹ̀ ga kúrò lára ọrùn gìtá títí ó fi le koko, ẹlòmíràn kò lè tẹ̀ ẹ́. Okùn tó nípọn ló ń lò, kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi bó bá já. Ó fi fóòmù há abẹ́ ìdérí kí ohùn má bàa máa hó, ìyẹn ló jẹ́ kó ròkè lẹ́ẹ̀kan kó sì kú kíá bí ìlù. Okùn òfìfo tí mo ní kí ẹ má gbàgbé ńkọ́? Ó tún gbé ìyẹn náà wọlé. Nínú orin tí àwọn onígìtá béèsì mìíràn ti ń ta ohùn méjì léraléra, Jamerson yóò ti ta okùn òfìfo kan tí ẹnikẹ́ni kò retí, yóò sì ti gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn tó ń darí orin kò tètè fún un láyè. Bébà tí wọ́n kọ orúkọ ilé ohùn sí lásán ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á ní kó ṣe é báyìí báyìí. Láàárín 1965 sí 1967 ni wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fetí sí "Bernadette" ti Four Tops, ti 1967, kí ẹ pa ohùn akọrin tì. Béèsì ibẹ̀ ń bá akọrin fèsì bí ìyáàlù tó rí ọba lókèèrè.

Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe àwo nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń pè ní Ihò Ejò. Bó bá di alẹ́, Jamerson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gba ilé jáàsì lọ. Owó rẹ̀ kò kéré títí ayé o. Nígbà tó yá, wọ́n ń san 1,000 dọ́là fún un lọ́sẹ̀. Orúkọ ni wọn kò san fún un. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi Paul McCartney ń gbọ́ ọ, wọ́n ń kọ́ ọ lára àwo, àwo náà kò sì sọ ẹni tí wọ́n ń kọ́. Marvin Gaye ló já okùn yìí pẹ̀lú àwo "What's Going On" ní 1971. Wọ́n ní ilé ọtí ni wọ́n ti wá Jamerson kàn lóru ọjọ́ tí wọ́n ṣe orin náà, ó sì ti mu débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó fi tà á.

Ọtí yẹn kò fi í sílẹ̀. Motown kó lọ sí Los Angeles ní 1972, òun náà tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dín kù. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún 25 ilé iṣẹ́ náà ní 1983, tí gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣàn, wọn kò pè é. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bí ará ìta, ó jókòó sẹ́yìn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n jí gìtá béèsì rẹ̀ tó ti fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà gbé. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, Jamerson kú ní ẹni ọdún 47. Wọ́n gbé e padà sí Detroit, itẹ́ òkú Woodlawn ni wọ́n sin ín sí.