Robert-Houdin: ọmọ aláago tó di ọ̀gá onídán

Àwọn kan nínú wa tó lọ sí ilé ìwé Faransé lè ti gbọ́ orúkọ Robert-Houdin rí, kí wọ́n sì máa rò pé Houdini ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Rárá o, ẹni méjì ni wọ́n. Robert-Houdin ni àgbà, òun la sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Onídán ni, ṣùgbọ́n idán tirẹ̀ kò ní ètùtù, kò ní ọfọ̀. Ọwọ́ ni, àti ọgbọ́n, àti iṣẹ́ àṣekára. Idán egúngún onídán tí a mọ̀ nílé, tó ń di ère, tó ń di ọ̀nì lójú agbo, ìyẹn ní àwọn tó ni ín. A kò ní da méjèèjì pọ̀.

Jean-Eugène Robert ni wọ́n sọ ọ́. Ìlú Blois, létí odò Loire ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí i ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1805. Aláago ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti irin àti òróró bíi tòun, ó fẹ́ kó di ọ̀mọ̀wé, kó wọ aṣọ dáadáa. Ẹ ò rí i pé bàbá kan náà ló wà níbi gbogbo. Ó rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Orléans nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Nígbà tó jáde lọ́mọ ọdún 18, wọ́n fi í sọ́dọ̀ notaire, àwọn tó ń kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún, kó máa da ìwé kọ. Ọmọ náà ń kọ ìwé, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tó yá bàbá gbà fún un, ìbátan wọn kan tó jẹ́ aláago sì kọ́ ọ níṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó ti tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kó lè ra ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ aago, èyí tí Ferdinand Berthoud kọ. Olùtàwé dì í fún un, kò sì wò ó kó tó délé. Ìgbà tó tú u lálẹ́, ìwé mìíràn ló bá níbẹ̀: ìwé eré ọgbọ́n, tó ní idán káàdì àti oríṣiríṣi nínú. Ẹlòmíràn ìbá dá a padà lójú ẹsẹ̀. Òun kà á títí àbẹ́là fi kú.

Ṣùgbọ́n ìwé lè sọ àṣírí idán fún ọ, kò lè fi ọwọ́ sí ọ lára. Ó wá ẹnì kan kàn ní Blois, ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ fún àwọn ènìyàn, tó tún ń ṣeré níbi ọjà àjọ̀dún. Maous ni wọ́n ń pè é. Ó san 10 frank fún un, ọkùnrin náà sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sókè tí wọ́n ń hán an. Nígbà tó pẹ́, ó lè máa ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin kó sì máa kàwé nígbà kan náà. Káàdì náà kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Inú àpò ẹ̀wù ló ti ń ṣe é: ọwọ́ kan ń jẹun, ọwọ́ kejì ń pààrọ̀ káàdì lábẹ́ aṣọ, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ọwọ́ á sì dà bí òfìfo. Ọdún lórí ọdún ló fi ṣe é kí ó tó gba kọ́bọ̀ kan nídìí rẹ̀.

Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn náà, ó sọ pé àgbà onídán kan tó ń jẹ́ Torrini gba òun là lójú ọ̀nà nígbà tí àìsàn dá òun wólẹ̀, ó sì kọ́ òun níṣẹ́. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wádìí ayé rẹ̀ wá Torrini yìí títí, wọn ò rí i. Ní tiwa, a rò pé onídán kì í sinmi idán, ì báà jẹ́ nínú ìwé.

Ọdún 1830 ló gbé Cécile Houdin níyàwó, ọmọ aláago kan ní Paris, ó sì so orúkọ àna rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Aago àti ère tó ń rìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe tà. Ayé ò rọrùn fún wọn. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, mẹ́ta péré ló yè. Ọdún 1843 ni Cécile náà kú, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké àti àlá tí kò tíì ṣẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó fẹ́ Olympe Braconnier, ọdún yẹn kan náà ló gbé ère kan tó ń kọ̀wé tó ń yàwòrán lọ síbi àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní Paris. Barnum ará Amẹ́ríkà ló rà á.

Ìjòyè kan, de l'Escalopier, fẹ́ràn idán rẹ̀ púpọ̀. Ilé rẹ̀ ni Robert-Houdin ti máa ń ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ, fún ènìyàn díẹ̀ tó jókòó sún mọ́ ọn tó lè fọwọ́ kàn án. Ibi tó le jù nìyẹn, nítorí ojú wà lára ọwọ́. Ìjòyè náà fẹ́ fún un ní owó kó fi ṣí tíátà, ó kọ̀. Kò pẹ́, olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí owó ìjòyè. Aláago wa bá ṣe ẹ̀rọ kan sínú tábìlì tí owó wà: ẹni tó bá ṣí i, ìbọn á dún, ẹ̀rọ náà á sì fi àmì sí i lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ tí ìjòyè fọkàn tán jù lẹ̀rọ náà mú! Ó dá 15,000 frank padà. Ìjòyè ní kí Robert-Houdin mú owó náà, kó san án nígbà tó bá rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbà.

Ọjọ́ 3 oṣù Júláì 1845 ló ṣí tíátà kékeré rẹ̀ ní Palais-Royal, tó gba nǹkan bí 200 ènìyàn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣí Hippodrome tuntun ní Paris, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lọ. Ẹ̀rù mú ọkùnrin tó ti ń dánra wò fún nǹkan bí ogún ọdún yìí. Ó ń sáré sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè kò lọ sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń sọ mọ́. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì pinnu pé ó tán. Ọ̀rẹ́ kan wá kí i, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló dáa, pé nǹkan náà ò mọ́gbọ́n wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọ egungun. Ìbínú yẹn ló mú kó tún tíátà ṣí. Ká ní ọ̀rẹ́ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má jáwọ́ ni, bóyá ì bá ti jáwọ́.

Ó bọ́ agbádá oṣó tí àwọn onídán ìgbà náà ń wọ̀ dànù, ó wọ kóòtù dúdú bí ẹni tó ń lọ sí òde àwọn ọlọ́lá. Ní 1846, ó di ojú ọmọ rẹ̀ Émile, ọmọ náà sì ń dárúkọ ohun tí àwọn òǹwòran mú lọ́wọ́. Igi ọsàn rẹ̀ ń yọ òdòdó, ó ń so lójú gbogbo ènìyàn. Ọba Louis-Philippe pè é wá sí ààfin, Queen Victoria náà wò ó ní London.

Apá tó kù yìí kò dùn mọ́ wa bíi ti ìṣáájú. Ní 1856 ìjọba Faransé rán an lọ sí Algeria. Àwọn àlùfáà tí wọ́n ń pè ní marabout ń fi iṣẹ́ ìyanu mú ọkàn àwọn ènìyàn, Faransé sì ń bẹ̀rù ọ̀tẹ̀. Ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀ ní tíátà Algiers, ó gbé e sókè wẹ́rẹ́. Ó ní kí alágbára kan wá gbé e: kò mì. Irin ló wà nídìí àpótí náà, òòfà tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Wọ́n tún fi kùráǹ sí ọwọ́ àpótí, ọkùnrin náà kígbe, ó sá lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé fún wọn pé ọgbọ́n ọwọ́ lásán ni. Ó jẹ́ òótọ́ pé ó ṣàlàyé. Síbẹ̀, ìjọba tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ ló gbé ọgbọ́n náà lọ dójú ti alágbára yẹn níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọdún 7 lẹ́yìn náà ni Faransé kọ́kọ́ fi Àjàṣẹ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀.

Ó padà sílé rẹ̀ lẹ́bàá Blois, ibi tí ẹnu ọ̀nà ti ń ṣí fúnra rẹ̀, tí aago sì ń fún ẹṣin lóúnjẹ. Ó kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1858. Ogun Faransé àti Jámánì pa ọmọ rẹ̀ Eugène ní 1870, bàbá náà ò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Júùnù 1871. Georges Méliès ra tíátà náà ní 1888, ibẹ̀ ló ti ń fi àwọn fíìmù rẹ̀ han ènìyàn. Ọmọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ka ìwé rẹ̀, ó fi lẹ́tà kan kún orúkọ náà, ó di Houdini. Nígbà tó dàgbà tán ó tún kọ odindi ìwé láti bú u. Ní Blois lónìí, ilé idán kan wà níwájú ààfin àtijọ́. Tí àkókò bá tó, orí ẹranko abàmì á yọ síta lójú fèrèsé rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń tì í.