Photius, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, àti Ẹ̀wù Ìsìn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni a ń rántí nítorí ilé ìsìn tí wọ́n kọ́. Ní ti Photius, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kiev àti gbogbo ilẹ̀ Rọ́ṣíà nínú Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ẹ̀wù ìsìn kan ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìlú Monemvasia ní ilẹ̀ Gíríìsì ni a ti bí i. Ní ọdún 1408, Pátríákì Constantinople fi í joyè, ó sì rán an lọ sí Rọ́ṣíà. Nígbà tí ó dé Mọ́síkò ní 1410, ó bá ohun ìní Ìjọ lọ́wọ́ àwọn alágbára. Bí ó ti ń gbà wọ́n padà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ń pọ̀ sí i fún un. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn Tátà kọlu ìlú Vladimir. Àlùfáà Patrikiy, Gíríìkì bíi tirẹ̀, gbà kí wọ́n pa òun dípò kí ó fi ibi tí ó kó ohun èlò mímọ́ pamọ́ sí hàn.

Láàrin nǹkan bí ọdún 1414 sí 1417 ni a ṣe ẹ̀wù náà fún un ní ọ̀nà ti Constantinople. Sákọ́sì ni wọ́n ń pè é. Aṣọ sẹ́dà ni, a sì fi òwú wúrà àti ti fàdákà ya àwòrán Olúwa àti àwọn ẹni mímọ́ sí i lára. Vasily tí ó jọba ní Mọ́síkò wà níbẹ̀ pẹ̀lú Sofia aya rẹ̀. Anna ọmọ wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú Jòhánù ọkọ rẹ̀, ọmọ ọba Constantinople. Àwọn ajẹ́rìíkú mẹ́ta ti Vilnius ní Lithuania náà wà níbẹ̀, àti Photius fúnra rẹ̀. Ní etí ẹ̀wù náà ni a rán Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Nísíà sí ní èdè Gíríìkì.

Ṣùgbọ́n ohun tí abẹ́rẹ́ so pọ̀, ènìyàn ń fà á ya. Ní 1415, Vytautas olórí Lithuania, bàbá Sofia, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, mú kí a yan bíṣọ́ọ̀bù àgbà mìíràn fún àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọ pín sí méjì. Photius kọ ìwé sí àwọn àgùntàn rẹ̀, ó sì fara dà á, títí di 1420 tí òun àti Vytautas fi rẹ́, tí Ìjọ sì padà di ọ̀kan.

Ó sùn nínú Olúwa ní 1431. Inú Kàtídírà Ìgbàsókè Màríà ní Mọ́síkò ni a sin ín sí. Ẹ̀wù rẹ̀ wà nínú ilé ìṣúra Kremlin títí di òní.

Yàtọ̀ sí gbólóhùn kan nípa Ẹ̀mí Mímọ́, Ìgbàgbọ́ tí a rán sí etí ẹ̀wù yẹn ni àwa náà ń dìde kà ní Máàsì Ọjọ́ Àìkú. Bí a bá ń kà á, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá a wà lára àwọn tí ń rán an, tàbí lára àwọn tí ń fà á ya. Kí Olúwa fi ìṣọ̀kan wọ Ìjọ rẹ̀ láṣọ. Àmín.