Dúró Ládiípọ̀: Ọkùnrin tó sọ ilé ọtí di ilé ópẹ́rà

Ọ̀nà tó gba Ìyànà Ọ̀fà kọjá yìí, tí ẹ bá tọ̀ ọ́ dé Ìwó tí ẹ ò dúró, Òṣogbo ló máa gbé yín dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Dúró Ládiípọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá.

Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, onílù sì ni bàbá bàbá rẹ̀. Ohun méjèèjì ló wà lára ọmọ náà. Ó ti di tíṣà kó tó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní 1961, tó sì mú ìlù wọlé. Lónìí, ta ló máa bínú sí i? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni gángan ò ti ń dún? Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ìlù abọ̀rìṣà ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì ta kò ó. Ládiípọ̀ bá gbé orin rẹ̀ jáde lọ sí ilé ìwé, lọ sí tẹlifíṣọ̀n, títí dé Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà n'Íbàdàn.

Ohun tó rí níbẹ̀ wù ú. Ó sì ní ilé ọtí kan l'Óṣogbo, Popular Bar lorúkọ rẹ̀. Òun àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, sọ ibẹ̀ di ilé eré. Kò sí góòlù lára ògiri bí ti La Scala tí wọ́n ṣí ní Mílánì nílẹ̀ Ítálì ní 1778. Inú ilé ni wọ́n ń pàtẹ àwòrán sí, àgbàlá ni ìtàgé, ojú ọ̀run sì ni òrùlé. Lójú tèmi, ó bá eré wa mu ju gbọ̀ngàn lọ. Àgbàlá ọba ni alárìnjó ti ń jó látọjọ́ pípẹ́, tí èrò á yí wọn ká.

Orúkọ Mbari, èdè Ìgbò ni, ilé amọ̀ tí wọ́n ń mọ fún òrìṣà ilẹ̀. Ará Òṣogbo ò mọ ìyẹn o. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n bá ń pe ibẹ̀ ní Mbárí Mbáyọ̀, pé bí àwọn bá rí i, àwọn á yọ̀.

Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i ní oṣù Kẹta 1962. Nígbà tó pé ọdún kan ni Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó pẹ̀lú Tìmì àti Gbọ̀nkáà. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó. Ìlù bàtá, oríkì, ọfọ̀, kò sí èyí tó fi sílẹ̀ sílé. Eré yìí gbé wọn dé Berlin ní 1964, wọ́n sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Inú àwọn òṣèré yẹn náà ni Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé ti jáde, tí ayé wá mọ̀ sí ayàwòrán.

Nígbà tó yá, àwọn ará ilé ń wo Bódé Wáásinmi rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1978. Ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún, tó máa ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, ló gba ẹgbẹ́ náà mú lẹ́yìn rẹ̀.