Percy Julian: Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Gbé Inú Àjà Kọ́ Kẹ́místírì

 

Lọ́dọọdún ni àwọn kan nínú wa ń wọ yunifásítì láti lọ kọ́ kẹ́místírì. Kì í pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń káwọ́ lérí. Wọn a ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ti wá kò ní yàrá àyẹ̀wò gidi, pé inú ìwé nìkan ni àwọn ti rí ohun èlò, àwọn kò fọwọ́ kàn án rí. Wọn a ní àwọn tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá wá ti ṣíwájú àwọn jìnnà. Àwọn mìíràn a sì sá kúrò nídìí rẹ̀ kí ọdún kìíní tó parí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín lóṣù yìí. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n èèyàn dúdú bí tiwa ni, ìmọ̀ ni ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá. Orúkọ rẹ̀ ni Percy Lavon Julian.

Ìbí àti Ìdílé Rẹ̀

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1899 ni a bí Percy ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀, nídìí lẹ́tà tí ọkọ̀ ojú irin ń kó kiri. Tíṣà ni ìyá rẹ̀. Ẹrú ni bàbá rẹ̀ àgbà nígbà èwe. Láyé ìgbà náà, èèwọ̀ ni ní apá ibẹ̀ kí ẹrú mọ ìwé. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé nígbà tí wọ́n ká a mọ́ pé ó ti kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n gé. Ọmọ tí ó ń rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré kò ní fi ìwé ṣeré. Mẹ́fà ni àwọn òbí rẹ̀ bí, Percy sì ni àkọ́bí. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ọ̀nà ìwé náà kò tẹ́jú o. Ní Montgomery ìgbà náà, kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Kíláàsì kẹjọ ni ẹ̀kọ́ tiwọn ń parí sí. Percy bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú láti di tíṣà. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó rí kó níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ó Wọ Yunifásítì

Ní ọdún 1916, Yunifásítì DePauw ní ìlú Greencastle, ìpínlẹ̀ Indiana, gbà á wọlé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ròyìn rẹ̀, ní ọjọ́ tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin, bàbá àgbà náà wà lára àwọn tí ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọwọ́ tí ó ku ìka mẹ́ta ni ó gbé sókè tí ó ń jù sí i.

Nígbà tí ó dé ọ̀hún, wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ohun tí ó kọ́ nílé kò tó ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sí ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní láti máa ṣe iṣẹ́ yunifásítì, kí ó tún máa lọ jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ girama tí ó fò. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ó ń ka ìwé àwọn àgbà lọ́sàn-án, tí ó tún ń lọ jókòó ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ibi tí yóò sùn tún di ìṣòro. Aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ gbé ní ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó rí yàrá háyà nínú ìlú, ṣùgbọ́n onílé kọ̀ láti fún un ní oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé oúnjẹ kò fẹ́ tà fún un. Ebi pa á kí ó tó rí ibi tí wọ́n ti gbà á. Nígbà tí ó yá, ó rí iṣẹ́ ní ilé tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun kan ń gbé. Òun ni ó ń koná sí ààrò ńlá tí ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, òun ni ó ń gbé oúnjẹ síwájú wọn, tí ó sì ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ilé. Nítorí iṣẹ́ yìí, wọ́n gbà á láyè láti máa jẹun níbẹ̀, kí ó sì máa sùn sí inú àjà òkè ilé náà. Àwọn tí ó ń bu oúnjẹ fún lálẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó sí kíláàsì láàárọ̀.

Kẹ́místírì ni ó yàn láti kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Blanchard tí ó ń kọ́ ọ rí i pé ọmọ yìí ní làákàyè, ó sì fà á mọ́ra. Nígbà tí ó di ọdún 1920, Percy Julian tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ó ṣe ipò kìíní nínú àwọn tí ó gboyè jáde.

Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì

Inú rẹ̀ dùn, ó ń retí pé yunifásítì ńlá kan yóò pe òun wá láti tẹ̀síwájú, bí wọ́n ti ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tó o. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Nígbà tí ó béèrè lọ́wọ́ Blanchard, ó fi àwọn lẹ́tà hàn án. Ohun tí ó wà nínú wọn ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ dúdú náà fi àkókò ṣòfò, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ bí ó bá tilẹ̀ kàwé náà tán. Ó dùn ún wọra. Ó gba Yunifásítì Fisk lọ, tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ó ń kọ́ wọn ní kẹ́místírì.

Ní ọdún 1922, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ sí Harvard, ó sì gba oyè kejì ní 1923. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó di olùkọ́ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun lè bínú pé èèyàn dúdú ń kọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ṣe dí mọ́ ọn níbẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1929, ó tún rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ mìíràn gbà, ó sì kọjá sí Yunifásítì Vienna ní ilẹ̀ Austria, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernst Späth, ẹni tí ó mọ̀ nípa oògùn inú ewé àti irúgbìn. Ní 1931 ó di ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́místírì. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti lé e kúrò nídìí tábìlì ni ó ti gba ohun tí ìlú tirẹ̀ fi dù ú.

Ẹ̀wà Kàlàbá

Ibi yìí ni ìtàn náà ti kàn wá ní Nàìjíríà. Ẹ̀wà kan wà ní agbègbè Kàlàbá tí àwọn Efik ń pè ní esere. Májèlé gidi ni. Láyé àtijọ́, àwọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún jẹ. Ẹni tí ó bá bì í, a ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá kú, a ní ẹ̀bi ni. Àwọn òyìnbó gbé ẹ̀wà náà lọ sí ilé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ní 1864 wọ́n sì yọ èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní physostigmine. Wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa dín agbára tí omi inú ẹyinjú fi ń ti ojú kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ń pani di oògùn àrùn glaucoma tí ń fọ́jú.

Ìṣòro tí ó kù ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pilẹ̀ èròjà náà ní yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí Julian padà sí DePauw ní 1932 gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí, iṣẹ́ yìí ni òun àti Josef Pikl, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó bá a wá láti Vienna, dojú kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn náà ń bá a ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Robinson ti Oxford, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kẹ́místírì lágbàáyé, ti wà lórí iṣẹ́ kan náà. Robinson ló kọ́kọ́ kéde pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Julian wo iṣẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ohun tí Robinson ṣe kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ẹ̀wà. Ó kọ ọ́ síta gbangba pé ọ̀gá náà ṣì í. Bí òun bá jẹ̀bi, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ títí láé nìyẹn. Ẹ̀rí tí ó gbára lé ni ìwọ̀n ooru tí nǹkan fi ń yọ́, ohun kékeré tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místírì láti wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tirẹ̀ bá ti inú ẹ̀wà mu. Ní 1935 ó parí iṣẹ́ náà, gbogbo ayé sì gbà pé òun ni ó jàre.

Síbẹ̀, yunifásítì náà kò fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan gba Pikl, ó kọ Julian. Ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ Wisconsin fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òfin ìlú náà kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sùn mọ́jú níbẹ̀.

Ẹ̀wà Sóyà

Ní 1936, ilé iṣẹ́ Glidden ní Chicago fi í ṣe ọ̀gá ìwádìí lórí ẹ̀wà sóyà. Láti inú rẹ̀ ni ó ti pèsè èròjà tí wọ́n fi ṣe fóòmù panápaná, èyí tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń pa iná epo nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ̀mí púpọ̀ ni ó dá sí.

Ní ọjọ́ kan, omi jò wọ inú táǹkì òróró sóyà ńlá kan, nǹkan funfun sì dì sínú rẹ̀. Lójú ẹlòmíràn, òfò ni. Ṣùgbọ́n Julian ti rí irú nǹkan funfun bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí òróró ẹ̀wà Kàlàbá. Ó mọ̀ pé stigmasterol ni, èyí tí a lè sọ di oògùn. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń pèsè progesterone lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí àwọn dókítà ìgbà náà ń fún aboyún tí oyún rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ní 1949 pé cortisone ń mú ara tu àwọn tí làkúrègbé ti so wọ́ pọ̀, owó rẹ̀ ga ju apá mẹ̀kúnnù lọ. Julian wà lára àwọn tí ó wá ọ̀nà láti fi ẹ̀wà sóyà pèsè irú oògùn náà, tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi san án fún un. Ní 1950 ó ra ilé sí Oak Park, nítòsí Chicago. Kí òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé, tó kó dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, àwọn kan ti gbìyànjú láti dáná sun ún. Ní oṣù kẹfà ọdún 1951, wọ́n ju ohun abúgbàù sí i. Julian kò kó kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò dúró tì í. Nígbà tí ó yá, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì tà á ní 1961 ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ní 1967, ó wà lára àwọn tí ń kó owó jọ fún àwọn agbẹjọ́rò tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1973, wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1975. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní DePauw, ní yunifásítì kan náà tí kò gbà á láyè láti sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Tí A Rí Kọ́

Èkíní, ẹ̀yìn tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni yóò parí sí. Julian kò tijú láti padà lọ kọ́ ohun tí kò mọ̀. Ìwọ tí ìpìlẹ̀ rẹ kò lágbára, lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí o sì béèrè. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Èkejì, má ṣe fojú kéré àwọn iṣẹ́ kéékèèké inú yàrá àyẹ̀wò. Ìwọ̀n ooru tí a máa ń wọ̀n tí ó ń sú wa yẹn ni ó dá Julian láre níwájú ọ̀gá Oxford. Nǹkan funfun tí ó fara balẹ̀ wò lọ́jọ́ kan ni ó dá mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwà ìrẹ́jẹ burú, a kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní ohun rere nítorí pé ẹnì kan borí rẹ̀. Mélòó ni àwọn tí ó ní làákàyè bíi tirẹ̀ tí ìrẹ́jẹ náà pa iná wọn? Nítorí náà, bí Ọlọ́hun bá fi wá sí ipò lọ́la, tí a di olùkọ́ tàbí ọ̀gá iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà, owó tàbí ìdílé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dà bíi Blanchard tí ó rí ọmọ inú àjà, tí ó sì fà á lọ́wọ́.

Ẹ̀wà Kàlàbá wà lórí ilẹ̀ wa kí a tó bí Julian. Ewé àti egbò tí a kò tíì yẹ̀ wò ṣì pọ̀ nínú igbó wa. Ta ni nínú yín ni yóò lọ yẹ̀ wọ́n wò? Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò àti sùúrù láti wá a. Àmín.